Ṣé O Mọ̀? Agogo Inú Dúrọ́ọ̀mù àti Àṣírí Ìbò

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí a yan gómìnà ní Nàìjíríà ní December 1991, orí ìlà la ti dìbò? O tò sẹ́yìn fọ́tò ẹni tí o fẹ́, wọ́n ka orí, ó parí. Bí Kọ́lápọ̀ Ìṣọ̀lá ṣe di gómìnà Ọ̀yọ́ nìyẹn. Kò sí àpótí tí jàǹdùkú lè gbé sá lọ. Ṣùgbọ́n lánlọ́ọ̀dù rẹ ń wò ọ́, ẹni tí o jẹ lówó náà sì lè wà lórí ìlà kejì.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ gíláàsì roboto, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ni wọ́n fi ń dìbò ní Gáḿbíà láti àwọn ọdún 1960? Olùdíje kọ̀ọ̀kan ní dúrọ́ọ̀mù tirẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, tí fọ́tò rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. O dá nìkan wọ ibi tí wọ́n ta aṣọ bò, o ju gíláàsì rẹ sínú ihò, agogo inú dúrọ́ọ̀mù á dún! Bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ tẹ olè. Iyanrìn tàbí ìyẹ̀fun pákó ni wọ́n dà sí ìsàlẹ̀ kí gíláàsì má baà tún pariwo bó bá balẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ agogo kẹ̀kẹ́ nítòsí. (Òjóò wa ní Ìbàdàn yìí ńkọ́? Pẹ̀lú họ́ọ̀nù ọ̀kadà àti àwọn tó ń ké “Ìwó Road! Mókọ́lá!”, ta ni yóò gbọ́ agogo?) Bí wọ́n bá fẹ́ ka àwọn gíláàsì náà, wọn a dà wọ́n sórí pátákó oníhò 200 tàbí 500. Irú gíláàsì yìí ló lé Yahya Jammeh, ààrẹ wọn, lórí oyè ní 2016, lẹ́yìn ọdún 22.

Ṣé o mọ̀ pé kí òfin ìbò àṣírí ti 1872 tó dé, ẹnu ni òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe orúkọ ẹni tó ń dìbò fún, ní gbangba? Ìlú Pontefract níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ lo àpótí àṣírí lábẹ́ òfin náà, òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ mindinmíndìn ni wọ́n sì fi dí i.

Síbẹ̀, nọ́ńbà tó lè tọ́ka sí ẹni tó dìbò ń bẹ lára ìwé ìdìbò àwọn Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Wọ́n ń pa ìwé náà mọ́ fún ọdún kan, wọn kì í sì í ṣàdédé tú u wò láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́. Lójú tèmi, ti Gáḿbíà bo àṣírí ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Òjóò tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù pẹ̀lú ìwé ìgbélùú lè yan aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì, láì tíì di ọmọ ìlú níbẹ̀? Ní 2023, kò lè ti ibẹ̀ dìbò fún ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà.

Gánà ńkọ́? Láti 1996 ni inú àpótí ìbò wọn ti ń hàn gedegbe.

Àwa náà ní ọgbọ́n tiwa. “Dìbò kóo sebẹ̀”, ìyẹn ríra ìbò, ló mú kí INEC, àjọ elétò ìdìbò wa, ní kí a má mú fóònù wọ ibi ìtẹ̀ka, torí ẹni tó fẹ́ sanwó ń wá ẹ̀rí. Nítorí náà, bó bá kàn ọ́, fi fóònù sílẹ̀, jẹ́ kí yíǹkì gbẹ, kí o sì ká ìwé náà kí àtẹ̀ka rẹ wà nínú, kó má lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn.