Irin tó ń jó lẹ́nu chuck: kí ló ń jẹ béárìn ẹ̀rọ gààrì?

Ìròyìn ibùdó òwò àgbẹ̀ tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fẹ́ gbé dé Èrúwà ti mú kí ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ Ìbàràpá gba ẹnu oníròyìn. Ilẹ̀, ọ̀nà àti owó ni wọ́n ń sọ. Wọn kì í fẹnu ba ṣáàfù, ọ̀pá irin tó gba àárín ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ kọjá, tí béárìn gbé ró lọ́tùn-ún lósì. Bí béárìn bá jẹ ní Tápà, ní Ìbàràpá kan náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti hú ẹ̀gẹ́, kò ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ tí ẹ̀gẹ́ náà á fi máa bàjẹ́.

Wọ́n á sáré ra béárìn mìíràn, wọ́n á ní ayédèrú ni ti àkọ́kọ́. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a tún béèrè bí tọ́nà, ìyẹn ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lathe gé irin, ṣe di ṣáàfù náà mú.

Fún ṣáàfù mìlímítà 25, ìwọ̀n k6 tó wọ́pọ̀ fún ìjókòó béárìn ní kí irin náà fi 0.002 sí 0.015 mìlímítà ju 25 lọ. Àyè tí tọ́nà ní kò ju 0.013 lọ, irun orí ènìyàn sábà máa ń nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Síbẹ̀, ìwọ̀n lè pé kí iṣẹ́ má pé. Ìjókòó méjèèjì lè tóbi bó ṣe yẹ, kí wọ́n má sì wà lórí ìlà kan náà. Bí irú ṣáàfù bẹ́ẹ̀ bá ń yí, yóò máa jó, béárìn ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Chuck ni ẹnu tí lathe fi ń di irin mú. Eléyín mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù: bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ kan, eyín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ sún wọlé, nítorí pé àwo irin kan tí ilà ojú rẹ̀ ká bí ìkarahun ìgbín ló ń tì wọ́n. Simon Fairman, ará Connecticut ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ àtinúdá lórí chuck ní 1830; Austin Cushman, ọkọ ọmọ rẹ̀, tún un ṣe, ó sì sọ ọ́ di ọjà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí eyín bá ti jọ rìn, irin ti wà láàárín gan-an nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dial gauge, aago tí wọ́n fi ń wọn bí irin ṣe ń jó, lè ka 0.05 mìlímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí chuck tó ṣì dára. Ibi tí wọ́n ń lò jù lójú àwo náà ló sì ń kọ́kọ́ jẹ, débi pé chuck kan lè ṣe déédéé fún irin mìlímítà 20, kí ó ṣìnà fún irin mìlímítà 40.

Ṣáàfù àtúnṣe ló nira jù. Wẹ́dà á fi iná kún ibi tó jẹ, tọ́nà á gé e padà. Bí eyín mẹ́ta bá di ibi tí kò róbótó mọ́ mú, àárín èké ni ọ̀bẹ ń tẹ̀lé. Bí ihò kékeré tí wọ́n lu sórí méjèèjì ṣáàfù níbẹ̀rẹ̀ bá wà láìbàjẹ́, kí wọ́n gbé e sáàárín ṣóńṣó méjì tó wà lórí lathe, kí wọ́n sì gé ìjókòó méjèèjì láti ibẹ̀.

Bí ihò bá ti bàjẹ́, ó di chuck eléyín mẹ́rin, tí wọ́n ń sún eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rọrùn láti ṣìnà níbí: bí gauge bá rìn 0.10, 0.05 péré ni irin fi kúrò láàárín. Ìdajì ni kí wọ́n tì. Ẹni tó bá ti gbogbo rẹ̀ kàn gbé àṣìṣe náà lọ sí òdìkejì ni.

Irin tó yọ gùn lẹ́nu chuck láìsí ohun tó gbé orí kejì ró tún ń tẹ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Bí gígùn náà bá di ìlọ́po méjì, títẹ̀ rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ.

Ní 1980 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ Machine Tools sílẹ̀ ní Òṣogbo, pẹ̀lú ìrànwọ́ HMT ti Íńdíà, kí Nàìjíríà lè máa ṣe lathe fúnra rẹ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì. Àmọ́ ó jọ pé dial gauge kan àti chuck eléyín mẹ́rin ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan lè tètè ran oníṣẹ́ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ ju lathe tuntun lọ. Chuck eléyín mẹ́ta tó ti ń ṣìnà pàápàá kì í ṣe ohun àdànù: bí ó bá ṣeé pa eyín rẹ̀ dà, wọ́n lè fi eyín irin rírọ̀ sí i, kí wọ́n fún un mọ́ òrùka irin kan, kí wọ́n sì gbẹ́ inú eyín náà lórí lathe yẹn gan-an sí ìwọ̀n ṣáàfù tí wọ́n fẹ́ gé.