Èéfín ọkọ̀ kì í purọ́

Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, ríru ní í rú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àìsàn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Awakọ̀ tó bá ń wo ẹnu sàlẹ́ńsà yóò ti fura kí ọkọ̀ tó kú sójú ọ̀nà.

Bí ọkọ̀ bẹntiróò bá ń rú èéfín dúdú, epo tó ń jó ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ fílítà atẹ́gùn wò, bóyá eruku ti dí i.

Bí èéfín bá rí bí aró, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń jó. Ríìngì lè ti jẹ. Kí awakọ̀ máa wọn ọ́ìlì kó má baà gbẹ.

Èyí tó funfun ló gba ìṣọ́ra jù. Ìwọ̀nba tó ń jáde láàárọ̀, tó sì ń pòórá bí ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná, kò léwu. Ṣùgbọ́n bó bá ki, tí kò dáwọ́ dúró, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín láìjò sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó, kí omi sì máa wọnú ẹ́ńjìnnì. Kí awakọ̀ pa ọkọ̀, kó pe mẹkáníìkì. Kó má ṣí rédíétọ̀ tó ṣì gbóná. Ẹni tó ń bu omi kún un, tó tún ń wà á lọ nítorí owó gásíkẹ́ẹ̀tì, lè padà ra odidi ẹ́ńjìnnì.

Ẹni tó sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, kó ní kí wọ́n sítáàtì rẹ̀ níṣojú òun nígbà tó ṣì tutù.