Bí Àìsàn Àgbà Kò Bá Gbọ́ Oògùn Mọ́

"Ẹ máa gbé wọn lọ sílé." Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti gbọ́ gbólóhùn yìí lẹ́nu dókítà, lẹ́yìn tí jẹjẹrẹ ti wọ Bàbá légungun tàbí tí ọkàn Màmá kò lágbára mọ́. Ohun tí ẹbí ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé kò sí nǹkan tí a lè ṣe mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwòsàn lè tán kí ìtọ́jú má tán. Àgbà tó bá ku oṣù mẹ́ta kó lò láyé ṣì fẹ́ sùn lóru, ó ṣì fẹ́ mọ ẹni tó wọlé wá kí òun, kò sì fẹ́ kí ìrora gba gbogbo ọjọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ìtọ́jú ìdẹ̀rùn

Ìtọ́jú tó ń mú ara dẹ aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní hóspíìsì. Ọ̀pọ̀ rò pé ilé tí à ń gbé èèyàn lọ kú sí ni. Ọ̀nà ìtọ́jú ni, a sì lè ṣe é nínú yàrá tí Màmá ti ń sùn láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ọkọ. Dókítà Cicely Saunders, tó ti ṣe nọ́ọ̀sì kó tó di dókítà, ló ṣí St Christopher's ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1967. Ó fi yé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé àníyàn ọmọ, ìbẹ̀rù àti ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wà nínú ìrora ẹni tó ń kú lọ. Lọ́dún 1993, Dókítà Anne Merriman bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ náà ní Kampala, ní Uganda: wọ́n ń po ìyẹ̀fun mọ́fíìnì, oògùn tó ń dẹ ìrora, mọ́ omi, nọ́ọ̀sì á sì gbé e lọ bá aláìsàn nílé. Nítòsí wa, ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní, nínú èèyàn 100 tó nílò rẹ̀ láyé, nǹkan bí 14 ló ń rí i gbà.

Ẹ̀rù mọ́fíìnì

"Tí wọ́n bá ti fún wọn ní mọ́fíìnì, wọ́n ti fẹ́ pa wọ́n nìyẹn." Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti rí ẹnì kan tí wọ́n fún, tó sì kú lọ́jọ́ kejì, àìsàn tó ti ń pa onítọ̀hún bọ̀ ni kò kà kún un. Bí dókítà bá fi ìwọ̀n kékeré bẹ̀rẹ̀, tó ń fi kún un díẹ̀díẹ̀, oògùn yìí kì í mú ikú yá. Èyí tí wọ́n pò mọ́ omi, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n sábà ń lò ó. Ẹ má dúró de igbe kí ẹ tó fún wọn. Oorun lè máa kun aláìsàn fún ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, èébì lè gbé e. Ìwọ̀nyí sábà máa ń lọ. Èyí tí kì í lọ ni àìrí ìgbẹ́ yà, torí náà lọ́jọ́ kan náà ni kí ẹ béèrè oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa nílò ìwọ̀n mìíràn tàbí oògùn mìíràn: oògùn ìyá lágbájá kì í ṣe ti ìyá yín. Òfin de mọ́fíìnì, kì í ṣe ohun tí à ń rà lọ́wọ́ kẹ́míìsì àdúgbò. Dókítà ni kí ẹ bi. Bí ó bá lọ́ra, ẹ tún un bi.

Oúnjẹ

"Ṣé kí ebi wá pa ìyá mi ni?" Ìfẹ́ ló ń béèrè bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìfẹ́ náà lè ṣeni léṣe. Ara tó ń palẹ̀ mọ́ kì í béèrè oúnjẹ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àìsàn ló gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Ẹ má rọ àgbà lẹ́kọ bí ẹni ń rọ ọmọ ọwọ́: ẹ̀kọ náà lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Dríìpù náà kì í fi gbogbo ìgbà ṣàǹfààní. Bí ọkàn tàbí kíndìnrín bá ti rẹ̀, omi á dúró sí ẹsẹ̀ àti àyà, mímí á wá nira. Ṣíbí ọbẹ̀ kan tí Màmá fúnra wọn béèrè tó. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù nu ẹnu wọn, ẹ fi òrí díẹ̀ pa ètè wọn.

Egbò ìdùbúlẹ̀

Kí egbò má bàa dá sí ara àgbà tó ń dùbúlẹ̀, ẹ máa yí wọn padà ní wákàtí méjì méjì. Ẹ yẹ ìdí, gìgísẹ̀ àti ẹ̀yìn wò lójoojúmọ́. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n ibi tí egbò fẹ́ yọ kì í hàn bí ìwé ṣe ń sọ. Ọwọ́ lẹ ó fi mọ̀ ọ́n, torí ibẹ̀ á gbóná tàbí kó le ju àyíká rẹ̀ lọ. Ẹ má da sípíríìtì sí i.

Ta ló ń ṣe é, ta ló ń pàṣẹ?

Lọ́pọ̀ ilé, ọmọbìnrin kan tàbí ìyàwó ilé kan ló ń dá yí Màmá padà lóru. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ń fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì ń fi àṣẹ tẹ̀ lé e. (Owó dára. Ẹni tó lè gbà á fún òru méjì kó rí oorun sùn dára jù.) Ẹbí tún máa ń bẹ dókítà pé kó má sọ òótọ́ fún Bàbá, torí wọn kò fẹ́ kí Bàbá sọ̀rètí nù. Ṣùgbọ́n Bàbá ní ilẹ̀ tí wọn kò tíì pín, wọ́n ní àbúrò tí wọn kò bá sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n sì ń rí i fúnra wọn pé ara ń lọ. Ẹ bi wọ́n ní pẹ̀lẹ́: "Bàbá, kí lẹ fẹ́ mọ̀? Ibo lẹ fẹ́ wà bí ara kò bá gbé e mọ́?" Bí wọ́n bá ní ilé ni, pé àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbé àwọn sáré lọ sílé ìwòsàn lóru, ẹ pe àwọn tó wà lókè òkun, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu Bàbá lórí fóònù kí ilé tó gbóná.