Nvidia gba ohun tó fi ta ọjà padà, àwọn ọmọ yunifásítì ló kó oníbàárà yọ

Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, ọdún 2013, ni iléeṣẹ́ Nvidia ti Amẹ́ríkà gbé Shield jáde, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú tó ń lo Android. Dọ́là 299 ni. Ohun tó dùn níbẹ̀ ni GameStream: kọ̀ǹpútà inú yàrá ló ń ṣe iṣẹ́ agbára, á sọ àwòrán géèmù di fídíò, á fi Wi-Fi jù ú sí onítọ̀hún lórí bẹ́ẹ̀dì. Bó bá tẹ bọ́tìnnì, ó di ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n bí Wi-Fi bá ń kọsẹ̀, ọ̀tá á ti yìnbọn kí olúwarẹ̀ tó rí i!

Àfi bó ṣe di ọdún 2023 tí Nvidia bẹ̀rẹ̀ sí í yọ GameStream kúrò lórí àwọn Shield. Owó tí àwọn èèyàn ti san ńkọ́?

Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Case Western ní Ohio tí wọ́n ti ṣe Moonlight sílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí wọ́n bá gbé Sunshine sórí kọ̀ǹpútà, Moonlight á gbà á lórí fóònù Android lásán; kò tilẹ̀ di dandan kí káàdì jẹ́ ti Nvidia mọ́. Wáyà ni kí wọ́n fi so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà o.