Gbèsè Àná àti Ilé Ọ̀la

Ṣé ẹni tó ti jẹ báńkì ní gbèsè rí tún lè rí owó yá láti kọ́lé? Ìbéèrè yìí wọ́pọ̀ láàrin àwọn ẹbí ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Ọ̀rún àti ní Ẹmùré. Olùkọ́ ń béèrè rẹ̀, nọ́ọ̀sì ń béèrè rẹ̀, àgbẹ̀ oníkòkó náà ń béèrè rẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n sì fi ń béèrè, nítorí ìtìjú wà nínú ọ̀rọ̀ gbèsè. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ gbé e yẹ̀wò ní gbangba, kí olúkúlùkù lè mọ ibi tí òun dúró sí àti ohun tó kù fún òun láti ṣe.

Ìdáhùn wa ní kúkúrú ni pé ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe fún ẹni tó bá ń fi gbèsè àtijọ́ pamọ́.

LÁYÉ ÀWỌN BABA WA

Àwọn baba wa mọ gbèsè, wọ́n sì mọ bí a ti ń gbà á. Ẹni tó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé; kò dín ojú owó kù rárá. Bí ó ṣe ọdún mẹ́wàá lóko olówó, iye tí wọ́n yá lọ́jọ́ kìíní náà ni wọn yóò san kí ó tó gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Bí onígbèsè bá wá ń fi òní dọ́la, olówó lè bẹ ológò sí i. Samuel Johnson ṣe àlàyé nípa ológò nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ológò yóò wá jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀. Yóò máa pariwo, yóò máa bú wọn, yóò máa mú adìẹ àti ewúrẹ́ tó bá rí, títí gbogbo agboolé yóò fi dá owó náà jọ kí wọ́n lè sinmi. Nígbà tí kòkó dé, tí ìjọba òyìnbó sì fòfin de ìwọ̀fà, oko kòkó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi dógò. Ẹni tó yá wọn lówó a máa ká kòkó náà lọ́dọọdún, títí wọn yóò fi dá ojú owó rẹ̀ padà.

Ohun kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo èyí: gbogbo ìlú ló mọ ẹni tó jẹ gbèsè tí kò san. Àwọn àgbà sì sọ ọ́ pé, ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Lónìí, ológò kì í wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Inú kọ̀ǹpútà ló jókòó sí, kì í pariwo, ṣùgbọ́n kì í sùn.

IBI TÍ WỌ́N KỌ ORÚKỌ WA SÍ

Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti máa kọ ìtàn gbèsè ènìyàn sílẹ̀. Credit bureau ni wọ́n ń pè wọ́n. Mẹ́ta ni Báńkì Àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wa fún ní ìwé àṣẹ: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CRMS. Kí báńkì tó yá ènìyàn lówó, òfin ní kí ó kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ ẹni náà lọ́dọ̀ ó kéré tán méjì nínú àwọn credit bureau wọ̀nyí.

Àwọn kan rò pé bí àwọn bá kúrò ní báńkì kan lọ sí òmíràn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2014 ni nọ́ńbà BVN ti dé. Ìka ọwọ́ àti ojú wa ni wọ́n fi so ó mọ́ wa. Ẹni tó yí orúkọ padà kò lè yí ìka ọwọ́ padà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ tún gbé ètò kan jáde tí wọ́n ń pè ní GSI. Nípa ètò yìí, báńkì tí ènìyàn jẹ ní gbèsè lè fa owó rẹ̀ yọ nínú àkáǹtì tí onígbèsè ní sí báńkì mìíràn.

BÍ ORÚKỌ ṢE Ń WỌ INÚ ÌWÉ GBÈSÈ

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ ní báńkì ni oníjìbìtì. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ yìí, nítorí pé ìdájọ́ àìtọ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, àní láàrin àwa onígbàgbọ́.

Ní ọdún 2015, ọ̀pọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà ni kò lè san owó oṣù, ti Èkìtì náà wà lára wọn. Òṣìṣẹ́ tó ti yá owó tẹ́lẹ̀, tó sì ń retí pé kí wọ́n máa yọ ọ́ lára owó oṣù òun, kò rí owó oṣù gbà. Kọ̀ǹpútà báńkì kò bi í léèrè ìdí. Oṣù tí owó kò wọlé, oṣù náà ni ó kọ sílẹ̀ pé kò san.

Àwọn mìíràn ṣe onídùúró fún ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò. Ẹni náà sá lọ, gbèsè wá di tiwọn. Àwọn ọ̀dọ́ wa fi fóònù yá ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà láàrin òru, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ títí ó fi ní èlé lórí èlé. Ẹlòmíràn san gbèsè rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ẹni tó gbowó kò ṣe àtúnṣe sí àkọsílẹ̀. Ìyẹn jẹ́ àṣìṣe báńkì, síbẹ̀ orúkọ oníbàárà ni ó ń bàjẹ́.

OHUN TÍ Ó LÈ GBÀ LỌ́WỌ́ ẸBÍ

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Láti ọdún 1992 ni òfin ti dá àpò owó ilé gbígbé sílẹ̀, National Housing Fund, tí Federal Mortgage Bank ń mójú tó. Òṣìṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ a máa dá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí i. Oníṣẹ́ ọwọ́, oníṣòwò àti àgbẹ̀ náà lè dá a. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ènìyàn lè gba báńkì ìkọ́lé kan kọjá láti béèrè owó. Èlé tí wọ́n ti ń gbà lórí rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ni 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún.

Ká ní olùkọ́ kan ní Ẹmùré yá mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ́nà yìí, tí yóò san án fún ogún ọdún. Ohun tí yóò máa san lóṣooṣù yóò sún mọ́ ₦36,000. Bí wọ́n bá lé e padà nítorí gbèsè àtijọ́, tó wá lọ yá iye kan náà níbi tí èlé ti jẹ́ 25 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò máa san nǹkan bí ₦105,000 lóṣooṣù. Ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦70,000. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ ni. Ẹ wá rí i pé gbèsè kékeré tí a fojú fò dá ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn lè máa jẹun nínú ìkòkò wa fún ogún ọdún.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Èkíní, kí a tó gba fọ́ọ̀mù ìkọ́lé rárá, kí a béèrè fún ìwé àkọsílẹ̀ gbèsè wa. Òfin Credit Reporting Act ti ọdún 2017 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti gba ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún. Kí a kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ohun tí kì í ṣe tiwa bá wà níbẹ̀, kí a kọ̀wé ta kò ó, kí a sì fi ẹ̀rí owó tí a san mọ́ ọn. Ẹ má ṣe sun rìsíìtì nína!

Èkejì, bí gbèsè náà bá jẹ́ tiwa, kí a lọ bá ẹni tí a jẹ. Kí a lọ fúnra wa, kí a má rán ọmọ. Bí a kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan, kí a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pín in sí wẹ́wẹ́, kí àdéhùn náà sì wà nínú ìwé. Báńkì mìíràn a máa dín in kù fún ẹni tó bá fẹ́ san án lójú kan náà. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé àkọsílẹ̀ lè fi hàn pé a kò san án tán, pé wọ́n dín in kù fún wa ni.

Ẹ̀kẹta, lọ́jọ́ tí a bá san án tán, kí a má kúrò níbẹ̀ láìgba lẹ́tà tó sọ pé a kò jẹ wọ́n ní kọ́bọ̀ mọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kí a tún wo àkọsílẹ̀ wa bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Kò ní pa rẹ́ pátápátá. Òfin ní kí wọ́n tọ́jú ìtàn náà fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè tí a kọ "ó ti san án" sí lára yàtọ̀ gédégédé sí èyí tó ṣì lanu sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí a jẹ́ kí àkókò jẹ́rìí sí wa. Kí a dá owó sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí a yá díẹ̀, kí a sì san án pé pérépéré lọ́jọ́ tí a dá.

Ìkarùn-ún, nígbà tí a bá dé iwájú òṣìṣẹ́ báńkì, kí a fi ẹnu ara wa sọ ọ́ kó tó rí i. Kí a sọ ohun tó fa gbèsè náà, ìgbà tí a san án, kí a sì kó ìwé ẹ̀rí sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń sọ pé àwọn lè bá ènìyàn nu orúkọ rẹ̀ kúrò bí ó bá fún wọn ní nǹkan. Olè ni wọ́n. Ẹni tó fún irú wọn ní BVN rẹ̀ àti nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ ti gbé kọ́kọ́rọ́ ilé fún ọlọ́ṣà.

Ẹ má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́lé sí lágbègbè wa jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, rìsíìtì tí olórí ẹbí fọwọ́ sí nìkan ló wà lọ́wọ́ wa. Báńkì ìkọ́lé kì í gba ìyẹn. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sọ pé kí a gba àṣẹ gómìnà kí a tó lè fi ilẹ̀ dógò. Nítorí náà, bí a ti ń san gbèsè lápá kan, kí a máa lépa ìwé ilẹ̀ ní Adó lápá kejì. Ẹni tó tún orúkọ ṣe tán tí kò ní ìwé ilẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò tí ì parí.

LÁÀRIN ỌKỌ ÀTI AYA

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù ni inú ilé. Ọkọ àti aya yóò fi ọdún mẹ́ta dá owó jọ, wọ́n yóò gbààwẹ̀, wọ́n yóò múra lọ sí báńkì. Níwájú àlejò ni ìyàwó yóò ti gbọ́ pé ọkọ òun jẹ gbèsè tí òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. "Bàbá wọn, irú gbèsè wo nìyí?" Ọkọ kò ní lè dáhùn. Nígbà mìíràn ìyàwó ló fi tirẹ̀ pamọ́. Kì í ṣe gbèsè náà ló ń tú irú ilé bẹ́ẹ̀ ká, bí kò ṣe ìpamọ́. Ẹ̀yin ará, ẹ sọ ọ́ fún ara yín lónìí, nígbà tí ẹ ṣì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yín, kí òṣìṣẹ́ báńkì tó bá yín sọ ọ́.

A mọ̀ pé àwọn kan ti gbé fọ́ọ̀mù báńkì lọ sórí òkè àdúrà. A kò bá wọn wí, nítorí Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ wo opó tó lọ bá Èlíṣà, ẹni tí olówó fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lẹ́rú. Iṣẹ́ ìyanu ṣẹlẹ̀, òróró kún ìkòkò. Kí ni wòlíì ní kó kọ́kọ́ ṣe? Kó ta òróró, kó san gbèsè. Lẹ́yìn ìyẹn ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ tó jẹ lára èyí tó kù. Ìyanu kò pa gbèsè rẹ́. Ó pèsè ohun tí a ó fi san án ni.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn yín, ẹ má ṣe sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ lọ gba ìwé àkọsílẹ̀ yín lọ́sẹ̀ yìí, kí ọkọ àti aya jọ kà á. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ jẹ àti iye rẹ̀ sínú ìwé kan. Kí Olúwa fún wa ní ìgboyà láti wo àná lójú, kí á lè fi ìdúróṣinṣin kọ́ ilé tí àwọn ọmọ wa yóò gbé.