ERÉ TÍ OGÚN ỌDÚN KÒ LÈ PARÍ
Àwọn arúgbó Amẹ́ríkà tó ń padà sídìí ọkọ̀ ìje ìgbà èwe wọn

Àwọn baba wa ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òótọ́ ni. Bí a bá wo àwọn tí a jọ lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé òmíràn ti kú, òmíràn wà lókè òkun, òmíràn sì wà nínú ìlú kan náà pẹ̀lú wa tí a kò fojú kan ara wa láti ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà kan wà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ òwe yìí di irọ́. Eré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọn kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ, wọ́n padà pé jọ sídìí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ti di baba àgbà. Eré náà kì í ṣe ayò, kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù. Mọ́tò ni wọ́n fi ń ṣe é, mọ́tò tó ń dún bí àrá, tó sì ń yọ iná.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè béèrè pé, kí ló kan ìdílé Kristẹni nínú ariwo mọ́tò? Ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Ọ̀rọ̀ ọmọ wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ikú àti ìrántí sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

KÍ NI ERÉ NÁÀ?

Drag racing ni àwọn tó ni ín ń pè é. Ọkọ̀ méjì yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà tó tọ́ bí okùn tí a ta. A ó fún wọn ní àmì, àwọn méjèèjì yóò sì gbéra. Kò sí kọ́nà níbẹ̀, kò sì sí pé à ń yí pápá po. Ìdámẹ́rin máìlì, tí í ṣe nǹkan bí 400 mítà, ni ìje náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ohun gbogbo ti parí. Ní 1964, Don Garlits, ará Florida, sáré ju 200 máìlì ní wákàtí kan lọ lójú ọ̀nà kúkúrú yìí. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé òpin, aṣọ ńlá kan yóò ṣí lẹ́yìn rẹ̀ bí agboòrùn láti fà á sẹ́yìn, nítorí bíréèkì nìkan kò lè dá a dúró.

Èyí tó lágbára jù nínú àwọn ọkọ̀ náà kì í jó epo pẹtiróòlù lásán. Nitromethane ni wọ́n ń bù sí i. Ọ̀síjìn tí iná nílò kí ó tó lè jó ti wà nínú epo yìí fúnra rẹ̀. Nítorí náà, pẹ̀lú ìwọ̀n afẹ́fẹ́ kan náà, ẹ́ńjìnnì lè jó o ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ iye pẹtiróòlù tí ì bá jó. Ibẹ̀ ni agbára náà ti ń wá. Èéfín rẹ̀ a máa ta èèyàn lójú, ariwo rẹ̀ a sì máa mi igbá àyà ẹni tó bá dúró nítòsí.

LÁTI OJÚ TÍTÌ DÉ PÁPÁ

Ní California ni ọ̀rọ̀ yìí ti fìdí múlẹ̀. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ a máa lọ sí àwọn adágún tó ti gbẹ nínú aṣálẹ̀, bí Muroc àti El Mirage, láti dán eré ọkọ̀ wọn wò. Wọn a ra ògbólógbòó Ford tí owó rẹ̀ kò pọ̀, wọn a tú gbogbo ohun tó mú un wúwo kúrò lára rẹ̀, wọn a sì tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe títí agbára rẹ̀ yóò fi kọjá bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní hot rod. Nígbà tí ogun parí ní 1945, àwọn ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ wá pọ̀ sí i. Aṣálẹ̀ jìnnà, ojú títì sì wà nítòsí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárín ìgboro lóru. Ẹ̀mí ṣòfò, ọlọ́pàá ń lé wọn kiri, orúkọ wọn sì bàjẹ́ láàárín ìlú.

Ní 1950, C. J. Hart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìje ní pápá ọkọ̀ òfuurufú Santa Ana. Ní 1951, Wally Parks, tó jẹ́ olótùú ìwé ìròyìn Hot Rod, dá ẹgbẹ́ National Hot Rod Association sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń gé kúrú sí NHRA. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kí a kó àwọn ọ̀dọ́ kúrò lójú títì lọ síbi tó ní òfin. Ní 1954, àwọn ọkùnrin mẹ́rin, tí Bud Coons tó ti ṣe ọlọ́pàá ní Pomona jẹ́ olórí wọn, wa ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń ṣètò ìje tí kì í pa ènìyàn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dúró níbí díẹ̀. Ọlọ́pàá ì bá kàn máa mú wọn sẹ́wọ̀n. Àwọn bàbá ì bá kàn máa bú wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan jókòó rò ó pé ọmọ tí a lé kúrò lójú títì láìfún un ní pápá, yóò padà sójú títì bí ilẹ̀ bá ṣú.

ẸSẸ̀ TÓ GÉ ÀTI ỌKỌ̀ TÍ A KỌ̀ SÍLẸ̀

Nínú àwọn ọkọ̀ ìje àtijọ́, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ni awakọ̀ ń jókòó sí, jíà yóò sì wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ohunkóhun bá bú, òun ni yóò bú mọ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta 1970, ní pápá Lions nítòsí Long Beach, jíà ọkọ̀ Don Garlits bú gbàmù bó ṣe gbéra. Ọkọ̀ náà gé sí méjì, ó sì gé lára ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni ọkùnrin yìí wà tó ń ro bí a ṣe lè gbé ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́yìn kí awakọ̀ lè wà níwájú. Ní 1971, ó gbé ọkọ̀ tuntun náà jáde, ó sì fi gba ipò kìíní nínú ìdíje Winternationals ní Pomona. Kò pẹ́ tí gbogbo ènìyàn fi tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ìyípadà yìí gbà là. Nígbà tó yá, Garlits ya àgbélébùú sí ara ọkọ̀ rẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i.

Ṣùgbọ́n ohun tó gba àwọn awakọ̀ là ló sọ àwọn ọkọ̀ àtijọ́ di aláìwúlò. Wọ́n tú àwọn kan, wọ́n ta ẹ̀yà ara wọn. Wọ́n ti àwọn mìíràn sí ẹ̀yìn ilé, eruku bò wọ́n. Àwọn pápá náà ń lọ. Lions tí wọ́n ṣí ní 1955 kógbá sílé ní oṣù kejìlá 1972. Orange County, tí wọ́n ṣí ní 1967, kógbá sílé ní 1983. Ohun ìṣeré lọ, pápá lọ, àwọn tó ń ṣeré fọ́n ká. Ó dà bí ẹni pé òwe àwọn baba wa ti ṣẹ.

WỌ́N TÚN PÀDÉ NÍ FAMOSO

Ní àríwá ìlú Bakersfield, pápá kan wà tí wọ́n ń pè ní Famoso. Ibùdó ọkọ̀ òfuurufú ológun ni nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1957, NHRA fòfin de nitromethane àti irú epo bẹ́ẹ̀ nínú ìje rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan ní Bakersfield tí ń jẹ́ Smokers kò tẹ̀ lé òfin yìí. Ní 1959, wọ́n pe àwọn olọ́kọ̀ elépo náà jọ sí Famoso. Garlits wá láti Florida, ṣùgbọ́n Art Chrisman ará California ló gba ipò kìíní. Ìje yìí ni wọ́n wá ń pè ní March Meet.

Pápá yìí kan náà ni wọ́n yàn ní 1992 fún ìpàdé tuntun kan, California Hot Rod Reunion. Wọ́n pe gbogbo ẹni tó ti wa ọkọ̀, ẹni tó ti tún un ṣe, àti ẹni tó ti jókòó wòran. Lábẹ́ igi, àwọn hot rod dúró ní ìlà, wọ́n ń dán. Àwọn kan pàtẹ ẹ̀yà ara ọkọ̀ àtijọ́ fún títà. Àwọn kan gbé àwòrán tó ti pọ́n lọ́wọ́, wọ́n ń béèrè pé, “Ṣé ìwọ kọ́ nìyí?” Wọ́n a sì yan àgbàlagbà láti bọlá fún nígbà tí ó ṣì lè gbọ́ ìyìn náà fúnra rẹ̀.

Láti 2000 ni wọ́n ti fi ohun mìíràn kún un, tí wọ́n ń pè ní Cacklefest. Àwọn ọkọ̀ tí a ti kọ̀ sílẹ̀ nígbà kan, tí àwọn olùfẹ́ wọn wá rí, tí wọ́n sì tún ṣe bí ti àtijọ́, ni wọ́n ń kó jáde nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ yìí kò ní ohun tí a fi ń ṣíná fún wọn. Ọkọ̀ mìíràn ní láti máa tì wọ́n lẹ́yìn títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dáhùn. Bí wọ́n bá ti dáhùn, wọn yóò tò ní ìlà, iná yóò máa là sókè nínú òkùnkùn. Kò sí ìje. Kò sí ẹni tó borí, kò sí ẹni tó fìdí rẹmi. Arúgbó tó wa ọkọ̀ náà nígbà èwe lè tún jókòó sínú rẹ̀. Bí baba bá ti lọ, ọmọ rẹ̀ lè jókòó síbẹ̀.

EJÒ ÀTI ẸRANKO TÓ Ń PA EJÒ

Nínú ìtàn eré yìí, kò sí ọ̀tá tó lókìkí tó Don Prudhomme àti Tom McEwen. Prudhomme ni wọ́n ń pè ní Ejò. McEwen wá ń jẹ́ Mongoose, ẹranko kékeré tó ń pa ejò. Ní 1970, ilé iṣẹ́ Mattel tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé gbé owó lé àwọn méjèèjì lọ́wọ́, àwòrán ọkọ̀ wọn sì di ohun ìṣeré lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀tá lórí pápá, alájọṣe nídìí òwò.

Ní 1978, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa ọmọkùnrin McEwen. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìdíje tó ga jù lọ́dún, ní Indianapolis. Baba tó ń ṣọ̀fọ̀ yìí wọ ọkọ̀. Ó ń borí títí ó fi dé ìdíje àṣekágbá, ta ló sì bá níbẹ̀? Prudhomme, ẹni tó ti ń gba adé lọ́dọọdún láti 1975. McEwen borí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbàgbé ọjọ́ yẹn títí McEwen fi kú ní 2018, ní ẹni ọdún 81. Bí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá tún pàdé ní ọjọ́ ogbó, kì í ṣe mọ́tò nìkan ni wọ́n wá wò. Wọ́n wá rí ẹni tó mọ ohun tí ojú wọn rí.

KÍ NI A RÍ KỌ́?

Àkọ́kọ́, wọ́n fẹ́ràn àtijọ́, ṣùgbọ́n wọn kò padà sínú ewu àtijọ́. Nínú ìje àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó wà lóde òní, awakọ̀ ní láti wọ aṣọ tí iná kì í tètè jó, irin sì yí i ká. Wọ́n rántí àwọn tó kú. Ẹni tó bá ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ayé àtijọ́ dára, kí ó sọ èyí tó burú níbẹ̀ pẹ̀lú.

Èkejì, Jóṣúà ní kí a to òkúta méjìlá láti inú Jọ́dánì jọ, kí àwọn ọmọ lè béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Òkúta kò ní ẹnu. Ọmọ ló gbọ́dọ̀ béèrè, àgbà ló sì gbọ́dọ̀ dáhùn. Ọmọ tó bá ń bá baba rẹ̀ tú ẹ́ńjìnnì ní ọjọ́ Sátidé ń gbọ́ ìtàn tí kò sí nínú ìwé kankan. Nínú ilé tiwa, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá àgbà tàbí ohun èlò iṣẹ́ káfíńtà bàbá. Ẹ má ta á fún alágbàtà kí ọmọ tó béèrè ohun tí a fi ń ṣe.

Ẹ̀kẹta, wọn kò dúró di ọjọ́ ìsìnkú kí wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ rere nípa ara wọn. Àwa a máa ná owó púpọ̀ sórí òkú ẹni tí a kò lọ kí nígbà tó wà láàyè. Ta ni ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ tó ń jẹ ọ́ lónìí? Ta ni ọ̀rẹ́ tí ìwọ àti rẹ̀ jà ní ogún ọdún sẹ́yìn, tí o kò tilẹ̀ rántí ohun tó fa ìjà náà mọ́? Bí ó bá ṣì wà láàyè, wá a lọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí o sì mú ọmọ rẹ kan dání.