Ẹ ṣọ́ra o! Ìlẹ̀kẹ̀ áńbà tẹ́ ẹ rà lówó gọbọi lè jẹ́ ike lásán

Àwọn àgbà ló ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ọ̀hún bá wá jẹ́ ayédèrú ńkọ́?

Ìgbómìnà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tó bá dé mùsíọ́mù Ẹ̀sìẹ́, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1945, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, yóò rí àwọn ère òkúta tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Bí ìyá àgbà bá sì kú l'Ómù-Àrán lónìí, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lè dìjà láàárín ọmọ ìyá. Ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

Áńbà kì í ṣe òkúta o. Oje igi tó ti wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún ni, etí òkun Baltic, lọ́dọ̀ Poland àti Rọ́ṣíà, ló sì pọ̀ sí. Kópálì ni àbúrò rẹ̀, oje igi tó le, àmọ́ tí kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Igi Daniellia wà lára àwọn tó ń mú un jáde nílẹ̀ wa, àní oje ọ̀kan nínú wọn làwọn oníṣòwò òyìnbó ń pè ní "Ilorin balsam". Wàhálà ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń pè ní "African amber" lọ́jà, ike tí wọ́n ṣe ní Jámánì láyé àtijọ́ ni.

Ẹ yẹ tiyín wò nílé. Ẹ po iyọ̀ sómi títí tí iyọ̀ kò fi ní í yọ́ mọ́, kẹ́ ẹ ju hóró kan sí i. Áńbà àti kópálì á léfòó, gíláàsì àti ike Bakelite á rì. Ṣùgbọ́n ike mìíràn máa ń léfòó, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kan inú ihò rẹ̀, níbi tí kò ní í hàn. Bó bá ń rùn bíi tùràrí, oje igi ni. Bó bá ń rùn bí ike tó ń jó, wọ́n ti gbà yín nìyẹn. Ẹ wá kán acetone táwọn obìnrin fi ń nu èékánná sí i díẹ̀. Kópálì á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́, áńbà kò ní í mira.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dán, ẹ fi sáńpépà àti omi ha á, láti 400 dé 2000, kẹ́ ẹ fi aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ ìfọyín nù ún. Ẹ má kánjú, kópálì tó bá gbóná á máa lẹ̀. Ẹ bomú pẹ̀lú, eruku rẹ̀ kò dáa.

Ẹni tó bá rí i pé ike ni tòun, kó má sunkún, kó má sì tà á bí ojúlówó. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá ẹni fi sílẹ̀, tìyá ẹni náà ni. Ẹni tó fẹ́ fowó ńlá ra tuntun ni kó kọ́kọ́ wá iyọ̀.